Ta Ló Ni Àkísà Àgbà?

"Everyday Use" ni orúkọ ìtàn kúkúrú kan tí Alice Walker, òǹkọ̀wé obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1973 nínú ìwé rẹ̀ In Love & Trouble. Ìtàn náà ò gùn rárá. Ẹni tó bá wọ dánfó ní Ọ̀jọ́ta lè kà á tán kó tó dé Ọbáléndé, pàápàá bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà lójú ọ̀nà. Obìnrin mẹ́ta, ilé kan, ọjọ́ kan ṣoṣo, àti aṣọ ìbora méjì tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ìtàn yìí ti jáde, àwọn èèyàn ò sì tíì yéé jiyàn lé e lórí: nínú ọmọ méjèèjì, ta ló yẹ kó ni aṣọ náà?

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni pé Maggie, àbúrò, ló ni ín. Pé Dee, ẹ̀gbọ́n, ti di aláṣehàn tó fẹ́ fi ogún ìdílé ṣe fáàrí. A ò ní sọ pé irọ́ ni. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ìdáhùn yẹn ti yá jù, ó sì fi ohun tó jinlẹ̀ jù nínú ìtàn náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ká tó béèrè pé ta ló ni aṣọ, ó yẹ ká béèrè pé iwájú ta lèèyàn lè tẹ́ aṣọ náà sí, tí onítọ̀hún á sì mọ ohun tó ń wò. Walker fúnra rẹ̀ padà wá sórí ìbéèrè yìí ní ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ là ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú aṣọ tí à ń sọ. Quilt ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe kúbùsù tí a ń rà lọ́jà o. Ìpele mẹ́ta ló ní. Ti òkè ni wọ́n máa ń fi ègé aṣọ kéékèèké rán pọ̀: àgékù aṣọ, ẹ̀wù tó ti gbó, ṣòkòtò iṣẹ́ tí orúnkún rẹ̀ ti ya, àpò ìyẹ̀fun pàápàá. Òwú ló wà láàárín, kó lè móoru. Aṣọ ńlá kan ló wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra, wọ́n á nà án sórí férémù onígi, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ gún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà lórí ìlà, títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi di ọ̀kan.

Ibi férémù yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Férémù náà fẹ̀. Ẹnì kan lè dá a ṣe, ṣùgbọ́n bí obìnrin mẹ́rin bá jókòó yí i ká, iṣẹ́ á yá, ọ̀rọ̀ á sì dùn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń rán quilt fi sábà máa ń ní ẹlẹgbẹ́. Wọ́n á pín àgékù aṣọ láàárín ara wọn, wọ́n á yá ara wọn ní bátànì, ẹnì kan á yí ẹ̀yìn aṣọ ẹnì kejì padà láti wo bí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe wẹ́ tó. Àwọn bátànì náà sì ní orúkọ, bí adìrẹ wa ṣe ní Ìbàdàndùn àti Olókun. Lone Star wà, Log Cabin wà, Housetop wà, Walk Around the Mountain náà wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú ìtàn. Ìyá ló ń sọ ọ́ fún wa. Obìnrin oko ni, eegun rẹ̀ tóbi, ọwọ́ rẹ̀ le, ó lè pa ẹlẹ́dẹ̀ kó sì tún un ṣe bí ọkùnrin. Òun àti Maggie ń retí Dee, tó ti lọ kàwé nílé ẹ̀kọ́ gíga. Maggie ní àpá iná lára láti ọjọ́ tí ilé wọn àtijọ́ jóná. Ìtìjú ò jẹ́ kó gbójú sókè. Dee dé tòun ti ọkùnrin kan, ó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ tó ń dán yanran, ó ní òun kì í ṣe Dee mọ́, Wangero Leewanika Kemanjo lòun ń jẹ́. Ó gbé kámẹ́rà jáde, ó ya ìyá rẹ̀ àti Maggie, ó ya màlúù tó ń kọjá, ó sì rí i dájú pé ilé wọn ò kúrò nínú fọ́tò kankan.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sí ẹrù ilé. Ó fẹ́ràn bẹ́ǹṣì tí bàbá wọn kàn nígbà tí wọn ò lówó àga. Ó fẹ́ àwo bọ́tà ìyá àgbà. Ó fẹ́ ọmọrí igi tó wà lórí ohun tí wọ́n fi ń po wàrà di bọ́tà. Ó ní òun á fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sórí tábìlì. Wàrà ṣì wà nínú ohun èlò náà o, tó ti ń dì. Lẹ́yìn náà ló ṣí àpótí tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, ó sì kó quilt méjì jáde.

Àwọn aṣọ inú quilt yìí kì í ṣe aṣọ lásán. Ègé kaba tí ìyá àgbà wọ̀ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn wà níbẹ̀. Ègé ṣẹ́ẹ̀tì bàbá àgbà wà níbẹ̀. Ègé kan tún wà, aláwọ̀ búlúù tó ti ṣá, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ: ara aṣọ ológun tí bàbá ńlá wọn wọ̀ nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gé e. Ogun yẹn jà láti 1861 sí 1865, nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ló sì bá ìjọba àpapọ̀ jà níbẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìyẹn. Gbogbo ohun tí ìdílé kan ní láti fi rántí ìran rẹ̀ kan, kò ju páálí ìṣáná lọ, òun ni wọ́n sì rán mọ́ ara aṣọ tí ọmọ ń bò sùn.

Dee ní ògiri lòun máa gbé e kọ́. Ìyá ní òun ti ṣèlérí rẹ̀ fún Maggie fún ìgbà tó bá lọ́kọ. Dee fajúro: Maggie máa fi bora lójoojúmọ́ ni, láàárín ọdún márùn-ún, ó ti di àkísà! Bẹ́ẹ̀ nígbà tí Dee ń lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga tí ìyá rẹ̀ fẹ́ fún un ní ọ̀kan, kò gbà; ó ní kò bóde mu. Maggie wá fohùn jẹ́jẹ́ sọ látẹnu ọ̀nà pé kí Dee máa kó o lọ, òun lè rántí ìyá àgbà láìsí aṣọ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún ìyá lọ́kàn. Ó já aṣọ gbà lọ́wọ́ Dee, ó kó o lé Maggie lẹ́sẹ̀.

Ibi tí gbogbo èèyàn máa ń pa àtẹ́wọ́ sí nìyẹn. Lójú tiwa, ibẹ̀ kọ́ ló dára jù nínú ìtàn náà. Ibi tó dára jù ti kọjá ṣáájú, ó sì pa lọ́lọ́. Nígbà tí Dee ń di ọ̀pá tí wọ́n fi ń po wàrà kó lè máa gbé e lọ, ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré. Ó wò ó, ó sì rí i pé igi náà ti jin sínú níbi tí àtàǹpàkò àti ìka àwọn tó ti lò ó ṣe tẹ̀ ẹ́, láti ọdún gbọ́nhan. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn dì í mú ni. Dee rí ohun tó lẹ́wà tí èèyàn lè gbé sórí tábìlì. Ìyá rí ọwọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ lára igi. Ohun kan náà ni wọ́n jọ ń wò, ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n kà. Maggie náà sì mọ̀ ọ́n kà: òun ló sọ ẹni tó gbẹ́ ọ̀pá náà, ó mọ orúkọ ẹni náà, ó tún mọ ìnagijẹ rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ṣé ẹ rí i pé ìtàn yìí bọ́ sínú òwe yẹn wẹ́kú? A sábà máa ń fi òwe náà bá ọmọ tó ń rí àgbà fín wí. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fara balẹ̀ wò ó, ọ̀rọ̀ nípa àkísà gan-an ló ń sọ. Aṣọ ṣeé rà. Bí owó bá ti wà, ọmọ ogún ọdún lè kún wọ́ọ̀dù rẹ̀ fọ́fọ́. Àkísà ò ṣeé rà, nítorí pé ọdún téèyàn ti lò láyé ló ń sọ aṣọ di àkísà. Dee fẹ́ ra àkísà. Kò fẹ́ kó tún gbó ju bó ṣe wà yìí lọ. Ó fẹ́ kí ìtàn dúró síbi tó bá a. Maggie ní tirẹ̀ ṣe tán láti mú un gbó sí i.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà wà ńbẹ̀, Yorùbá tó bá sì ka ibẹ̀ á ríran ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Dee ní òun ò lè máa jẹ́ orúkọ tí àwọn tó ni wọ́n lára fún òun. Ìyá dá a lóhùn pé orúkọ àǹtí rẹ̀ Dicie ni, tí wọ́n ń pè ní Dee Àgbà. Ti Dicie sì wá látọ̀dọ̀ ìyá àgbà, èyí tó ń jẹ́ Dee náà. Tiẹ̀ náà sì tún wá látọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀. Ẹ̀yin ará, kí là ń pe irú orúkọ báyìí nílé wa? Kò jìnnà sí Ìyábọ̀. Kò jìnnà sí Yétúndé. Àwọn tí wọ́n gba èdè wọn, tí wọ́n gba oríkì wọn, rí orúkọ kékeré kan, wọ́n ń gbé e lé ọmọbìnrin dé ọmọbìnrin kí ìyá má bàa pa run. Dee já okùn yẹn, ó lọ mú orúkọ tó ṣà jọ láti ibi tó wù ú. Lewanika jẹ́ ọba àwọn Lozi ní ilẹ̀ tó di Zambia lónìí. Ìkíni tó ń fẹnu sọ, èdè Luganda ni, ìkíni àárọ̀ tí wọ́n fi ń béèrè bí èèyàn ṣe sùn. Áfíríkà tó ń wá lọ wà lórúkọ tó sọ nù.

Ibi tá a bá ìtàn náà dé láìjanpata nìyí. Ó tó àkókò ká bá a jà díẹ̀.

Walker ò ṣe dáadáa sí Dee. Ìyá nìkan ló ń rojọ́, àwọn àgbà sì ti sọ ohun tí wọ́n ń pe ẹni tó bá gbẹ́jọ́ ẹnì kan dá. Kí Dee tó yọ lójú títì, a ti gbọ́ pé ó kórìíra ilé tó jóná, a ti gbọ́ bó ṣe máa ń fi ìwé kíkà ni ìyá àti àbúrò rẹ̀ lára. Nígbà tó wá dé, ohun gbogbo tó ṣe ló pani lẹ́rìn-ín: aṣọ, ìkíni, kámẹ́rà. Òǹkàwé ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè Dee kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Bí wọ́n bá ń fi aṣọ bora lálaalẹ́, ṣé kò ní ya ni? Ègé búlúù bíi páálí ìṣáná yẹn, mélòó ni wọ́n ṣì ní? Bó bá já bọ́ sínú omi ìfọṣọ ńkọ́?

Ìtàn ayé gan-an ti jẹ́rìí sí Dee. Abúlé kan wà ní ìpínlẹ̀ Alabama tó ń jẹ́ Gee's Bend, tí wọ́n tún ń pè ní Boykin, níbi tí odò Alabama ti yí po mọ́ wọn. Ọmọ àwọn tí wọ́n fi ṣẹrú ní oko òwú ni àwọn ará ibẹ̀, Pettway sì ni orúkọ ìdílé ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí Pettway ni orúkọ ẹni tó ni oko. Ilé wọn máa ń tutù, aṣọ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ oko ni wọ́n fi ń rán quilt. Lọ́dún 1966, àwọn obìnrin agbègbè náà dá ẹgbẹ́ Freedom Quilting Bee sílẹ̀ láti máa tà á. Ṣùgbọ́n èyí tó sọ wọ́n di olókìkí káàkiri ayé ni pé ọkùnrin kan, William Arnett, tó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ, rí fọ́tò quilt kan tí wọ́n sá sórí igi ìdáná, ó sì wá a lọ títí ó fi bá ẹni tó rán an. Lọ́dún 2002, wọ́n gbé quilt Gee's Bend kọ́ ògiri músíọ́mù ní Houston, lẹ́yìn náà ní Whitney nílùú New York. Lọ́dún 2006, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fi mẹ́wàá nínú wọn ṣe sítáǹpù. Ká ní Arnett rò pé kí wọ́n máa fi bora nìkan ló tọ́, a ò bá má mọ orúkọ abúlé náà.

Ọ̀kan wà nínú àwọn quilt yìí tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ka "Everyday Use" mọ̀. Lọ́dún 1942, ọkọ Missouri Pettway kú. Ó kó aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ jọ, ṣòkòtò tó ti ṣá lórúnkún, ẹ̀wù tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà, ó sì rán an di quilt, kó lè máa rántí rẹ̀, kó sì máa fi ìfẹ́ rẹ̀ bora. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣọ náà wà ní National Gallery of Art ní Washington báyìí. Ẹ sọ fún wa: ṣé àwọn tó gbé e síbẹ̀ ṣe Missouri Pettway níkà ni? A ò rò bẹ́ẹ̀. Ó dáa kó wà níbẹ̀. Ohun tó mú kó ṣe pàtàkì níbẹ̀ náà sì ni pé ẹnì kan ti fi bora rí.

Àmọ́ ọ̀nà Dee náà ní ẹ̀gún. Lọ́dún 2007, àwọn kan lára àwọn obìnrin Gee's Bend lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní owó tó ń wọlé lórí iṣẹ́ àwọn, ohun tó kan àwọn kò tó. Ẹjọ́ náà parí ní 2008 láì tíì dé iwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́. Bí nǹkan bá ti dórí ògiri, ẹni tó ni ògiri náà á di alábàápín.

Ẹni tó ṣáájú gbogbo wọn rí irú èyí ni Harriet Powers. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní ìpínlẹ̀ Georgia lọ́dún 1837. Ó rán quilt kan tó fi àwòrán mọ́kànlá sọ ìtàn inú Bíbélì, ó sì pàtẹ rẹ̀ níbi ayẹyẹ òwú ní ìlú Athens lọ́dún 1886. Obìnrin funfun kan tó ń jẹ́ Jennie Smith, ayàwòrán tó tún ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà, rí i, ó ní òun fẹ́ rà á. Powers kọ̀. Ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ kan gógó, ó sì tà á: ó béèrè dọ́là mẹ́wàá, márùn-ún ló gbà. Ṣùgbọ́n kí ó tó fi í sílẹ̀, ó jókòó, ó ṣàlàyé àwòrán kọ̀ọ̀kan fún Smith, Smith sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, Powers tún padà wá bẹ aṣọ rẹ̀ wò, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé fi ọwọ́ kan gbá mọ́lẹ̀. Dọ́là márùn-ún fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀tàn ni, a ò ní pè é ní nǹkan míì. Síbẹ̀, nítorí pé Smith mọ ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ ń jẹ́, ó mọ̀ pé kò tó kí òun ra aṣọ, ó yẹ kí òun ra àlàyé pẹ̀lú. Aṣọ náà wà ní Smithsonian lónìí. Lọ́dún 1974, ọdún kan péré lẹ́yìn "Everyday Use", Alice Walker kọ àròkọ rẹ̀ tó lókìkí, "In Search of Our Mothers' Gardens", ó sì yin quilt kan tí wọ́n gbé kọ́ ní Smithsonian, iṣẹ́ obìnrin dúdú kan tí wọn ò dárúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ti ka àròkọ náà gbà pé iṣẹ́ Harriet Powers ni. Ẹ ò rí i? Walker tó já quilt gbà lọ́wọ́ Dee ní 1973 ló dúró níwájú ògiri ní 1974, tó ń wo quilt tó wà lára rẹ̀, tí orí rẹ̀ wú. Ògiri pa aṣọ mọ́ fún un. Orúkọ ẹni tó rán an ni ògiri ò bá a pa mọ́.

Nítorí náà, kì í ṣe pé ọ̀kan tọ̀nà kí èkejì ṣìnà. Kí ló wá ṣàìtó nínú "Everyday Use"? Èyí lèrò wa: ọwọ́ Maggie. Nígbà tí Dee sọ pé aṣọ á di àkísà, èsì tí ìyá fọ̀ nìkan ló lè borí ọ̀rọ̀ rẹ̀: bó bá gbó, Maggie á rán òmíràn, ó mọ̀ ọ́n rán, ìyá àgbà àti Dee Àgbà ló kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ìyẹn ni pé ogún tòótọ́ ò sí nínú àpótí, ọwọ́ ló wà. Àmọ́ Walker sọ ọ́ nínú gbólóhùn kan ó sì kọjá lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn títí dé òpin, a ò rí Maggie kó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. A rí àpá rẹ̀, a rí ìtìjú rẹ̀, a rí i tó ń fọ abọ́. A ò rí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ká gbà gbọ́ ni. Maggie di ẹni tí à ń ṣàánú, bẹ́ẹ̀ ìtàn náà nílò kó jẹ́ ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún.

Ìwé The Color Purple, tó jáde ní 1982, ló dí ihò yẹn. Ẹ̀bùn Pulitzer tó gbà lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni gbogbo èèyàn mọ̀. A fẹ́ kí ẹ wo ibi kékeré kan nínú rẹ̀. Celie ti sọ fún Harpo, ọmọ ọkọ rẹ̀, pé kó na Sofia ìyàwó rẹ̀. Sofia gbọ́, ó bínú wá, ó kó kọ́tìnnì tí Celie fún un padà. Wọ́n sọ ojú abẹ níkòó. Celie gbà pé ìlara ló ṣe òun, nítorí Sofia lè bá ọkùnrin jà, òun ò lè ṣe é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán nínú wọn, kọ́tìnnì tó ti bà jẹ́ yẹn ni wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ quilt. Wọ́n na férémù sí fàráńdà. Shug Avery fi kaba rẹ̀ kan tó ti gbó, aláwọ̀ yẹ́lò, ta wọ́n lọ́rẹ, Celie sì ń dọ́gbọ́n fi ègé rẹ̀ sí i níbi tó bá ti lè ṣeé ṣe. Sister's Choice ni bátànì náà ń jẹ́.

Wò ó bí ohun gbogbo ṣe yí padà. Kò sí ẹni tó ń jà lórí ẹni tó ni aṣọ, torí pé aṣọ náà ò tíì parí. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Obìnrin méjì tí ẹnì kan ti ṣẹ ẹnì kejì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù kan náà, àgékù ohun tó dá ìjà sílẹ̀ sì ti di ara ohun tí wọ́n jọ ń rán. A rí ọwọ́ wọn. Nínú ìwé yẹn kan náà, nígbà tí Corrine ń kú lọ, tó ń ṣe iyèméjì sí ẹni tó bí àwọn ọmọ tó tọ́, quilt ni Nettie yọ jáde látinú àpótí. Ègé aṣọ tí Corrine fúnra rẹ̀ rà lọ́jọ́ tó pàdé Celie wà lára rẹ̀. Corrine rán an, ojú Corrine ló sì lè kà á. Ẹkún ló fi rántí.

Àwa tí a ń fi kóòdù jẹun mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Áàpù kan lè máa ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ńlá kan fún ọdún mẹ́wàá, kí ẹni tó kọ ọ́ ti lọ, kí kóòdù rẹ̀ sì ti sọ nù. Gbogbo èèyàn ń lò ó, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe. Èèyàn lè ya fọ́tò ojú rẹ̀ títí. Fọ́tò kì í ṣe kóòdù. Ohun tí Dee fẹ́ nìyẹn, fọ́tò. Maggie ló ni kóòdù. Ṣùgbọ́n kóòdù tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló yé, ewu ńlá ni, torí pé ọjọ́ tí onítọ̀hún bá lọ, gbogbo rẹ̀ bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gba kóòdù wọlé láìjẹ́ pé ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n kọ ti kà á. Sofia ni ẹlòmíràn yẹn fún Celie. Maggie ò ní irú rẹ̀ nínú ìtàn tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyá, ta ló kù tó lè yí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ padà kó sọ pé ojú abẹ́rẹ́ yìí wẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Àwọn onímọ̀ bíi Robert Farris Thompson ti fi quilt àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wé aṣọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń hun ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n tó rán an pọ̀, bí a ṣe ń ṣe aṣọ òkè. A ò ní sọ pé ọmọ sányán ni quilt Alabama. Àmọ́ ẹni tó ti rí ẹ̀kú eégún rí kò ní ṣàìmọ ohun tí ègé aṣọ ń ṣe. Ìdílé á máa fi aṣọ kún aṣọ, ọdún dé ọdún, tuntun á máa bo ti àtijọ́, ti àtijọ́ á ṣì wà lábẹ́. Kò sẹ́ni tó ń dá ẹ̀kú dúró síbi tó bá a. Eégún á gbé e jó, á ya, wọ́n á tún un ṣe. Ohun tí ìyá Maggie ń wá ẹnu sọ nìyẹn.

Àpótí àwọn ìyá àgbà wa náà ńkọ́? Bí wọ́n bá ti sin wọ́n tán, wọ́n á pín aṣọ. Ìkan lára àwa ọmọ-ọmọ á mú adìrẹ ẹlẹ́kọ kan, á tẹ́ ẹ sórí àga, á ya fọ́tò rẹ̀ sí Instagram, ọ̀rẹ́ ọgọ́rùn-ún á ní ó rẹwà. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Dee náà ní ìwúlò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún yẹn, ẹni mélòó ló máa béèrè irú ẹ̀kọ tí wọ́n fi ya ọnà ara rẹ̀, àti bóyá ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi yà á àbí páànù gígé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́? Ẹni tó bá béèrè ìyẹn ni ẹlẹgbẹ́ yín. Ẹ mú aṣọ náà lọ bá a. Ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀ lé e máa ju pé ó rẹwà lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ka àwọn ìwé yìí, ẹ ka "Everyday Use" ṣáájú, kí inú bí yín sí Dee dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ wá wo fọ́tò quilt Missouri Pettway, kí ìbínú yẹn lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá parí rẹ̀ sórí fàráńdà Celie. Ìtàn 1973 mọ̀ pé àkísà ní iyì, ó sì sọ ọ́ lọ́nà tí kò ṣeé gbàgbé. Ìwé 1982 ló mọ̀ pé àkísà ò ní iyì kankan títí di ìgbà tí èèyàn méjì bá jókòó tì í, tí wọ́n sì ki okùn bọ abẹ́rẹ́.